Kẹ́hìndé Tí Mo Fi Kọ̀ǹpútà Tọ́ Dàgbà

Bó bá jẹ́ Festac lẹ dàgbà sí, tí ẹ sì ti ya fótò kí fóònù tó máa ya gbogbo nǹkan, ó ṣeé ṣe kí n ti fọwọ́ kan ojú yín rí. Ẹ má fòyà, mi ò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí eyín rẹ̀ wọ́. Mo mọ ẹni tí ìpara bó lójú tó gbàgbé ọrùn. Mo sì mọ alàgbà ìjọ kan tó ní kí n bá òun ti ikùn sẹ́yìn díẹ̀, kí àwọn ọmọ ìjọ lè gbà pé lóòótọ́ lòun ń gbààwẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama títí di ìgbà tí ojú mi ní òun ò ṣe mọ́. Ayàfótò á ya ènìyàn, èmi á tún ojú ẹni náà ṣe. Ayàfótò ni wọ́n ń yìn, èmi ni ẹ̀yìn ń dùn.

Àwọn ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ máa ń bi mí pé, "Àǹtí Bùnmi, ṣé owó wà níbẹ̀?" Owó wà. Ó tó jẹun, kò tó gbéraga. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe débẹ̀ náà kò gùn: ìyá mi àti ìyàwó Ọ̀gá Lámídì jọ máa ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kan náà ni. Kí kẹ́ẹ̀gì méjì tó kún, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ayé mi. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e mo bá ara mi ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, nínú kúlóòsì kan, ọ̀nà kékeré tó yà kúrò ní Fọ́ọ̀tì Áfẹ́núù.

Ọ̀gá Lámídì ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń wo ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀. Fún oṣù bíi mélòó kan, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìta ni mo ń jókòó sí, lórí àpótí, tí mo ń wo ojú àwọn tó ń kọjá.

"Òòrùn ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún," Ọ̀gá á ní. "Òjìji imú obìnrin yẹn wà níbo?"

"Ọwọ́ òsì ni, Ọ̀gá."

"Ti àgbọ̀n rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò wo àgbọ̀n, Ọ̀gá."

"Kí lo wá ń wò?"

Bàtà rẹ̀ ni mo ń wò, ó wù mí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí obìnrin kan fi wá bá ìyàwó Ọ̀gá, ó ní kí wọ́n bá òun bi ọmọ yẹn léèrè ohun tó ń wá lójú ọkọ òun láràárọ̀. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá tó mú mi wọlé. Ó ní bí ẹni tí wọ́n ń wò bá ti lè bínú, wíwò ọ̀hún ti tó.

Fíìmù là ń lò nígbà náà. Irinṣẹ́ wa kò ju pẹ́ńsùlù tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ lọ, búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ṣeé kà, àti gíláàsì kan tí gílóòbù wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin méjì ló sì de ṣọ́ọ̀bù náà. Èkínní: a kì í fọwọ́ kan ìyá. Ìyá ni Ọ̀gá ń pe fótò tí a kọ́kọ́ yà, tí a kò tíì fi nǹkankan kàn. Ẹ̀dà rẹ̀ la ó ṣe, orí ẹ̀dà la ó ti ṣiṣẹ́, ìyá yóò máa sùn nínú àpò rẹ̀. "Bí ọmọ bá bàjẹ́, ìyá á bí òmíràn," Ọ̀gá máa ń wí. "Bí ìyá bá bàjẹ́, kí lo fẹ́ ṣe?"

Òfin kejì le ju ìyẹn lọ. Bí oníbàárà bá gba fótò rẹ̀, tó wò ó, tó ní, "Ọmọ yìí, o mà mọṣẹ́ o," o ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Ohun tó yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Háà, mo mà rẹwà o!" Mo rú òfin yìí nígbà kan. Mo tún ojú ìyàwó kan ṣe títí ó fi ń dán bí abọ́ tánganran. Ó yìn mí, ó sọ̀rọ̀ mi ní rere fún gbogbo ilé wọn. Ọ̀gá kò bá mi wí rárá. Ó kàn tẹ fótò ìyàwó náà ní ńlá, ó sì so ó mọ́ ògiri níwájú ibi tí mo ń jókòó. Ìgbàkígbà tí mo bá gbórí sókè, obìnrin aláìnímú yẹn á máa wò mí. Mo ní aláìnímú torí pé mo ti yọ òjìji imú dànù pẹ̀lú irorẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹgba sàn jù ú lọ.

Nígbà tó ṣe, kọ̀ǹpútà dé. Àkọ́kọ́ tí a rà tóbi bí àpótí aṣọ, ó sì lọ́ra débi pé bí o bá rán an níṣẹ́, o lè lọ ra àkàrà ní Agbojú kí o sì padà wá bá a níbi tó wà. Ọ̀gá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní ọkọ mi. "Bùnmi, ọkọ ẹ ti tún sùn lọ o." Lọ́jọ́ kan, àmì dúdú kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ obìnrin kan tí mo ń tún ṣe. Mo pa á, kò lọ. Mo tún un pa, ó tún wà níbẹ̀. Mo fi ọ̀sán gbogbo bá a jà, òógùn bò mí, mo ní àbí obìnrin yìí ní ohun tó ń ṣe é ni? Ọ̀gá dìde láti ibi àga rẹ̀, ó fi èékánná ha ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan. Àmì lọ. Ìgbẹ́ eṣinṣin ni.

"Ẹ̀rọ tuntun," Ọ̀gá ní, "eṣinṣin àtijọ́."

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkọ mi yìí, nítorí ìpele ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò ó bí ẹni pé ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì lé e, ẹ wá gbé agbádá lé gbogbo rẹ̀ lórí. Agbádá ni ayé ń rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bọ́ ọ, ṣẹ́ẹ̀tì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni fótò ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà. Ìyá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tí mo bá fẹ́ ṣe, mo ń tò ó lé e lórí ní ìpele ìpele. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ojú kékeré kan tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tẹ ojú yẹn, ìpele náà á fara pamọ́. Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, á yọ padà.

Ìpele kọ̀ọ̀kan tún ní ìwà tó ń hù sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi fún àwọn ìwà yìí lórúkọ. Ọ̀kan ń mú ohun gbogbo tó bá kàn dúdú sí i: Ìyá Eléèédú nìyẹn, òun ló ń bá mi ṣe òjìji àti irun orí àwọn tí irun ń sá fún. Ọ̀kan ń tàn bí ẹni ṣí fèrèsé: mo pè é ní Bọ̀dá Fèrèsé. Ààyò mi ni Àǹtí Pẹ̀lẹ́. Ibi tó mọ́lẹ̀, á mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Ibi tó ṣókùnkùn, á jẹ́ kó ṣú díẹ̀ sí i. Ojú ènìyàn á sì wá yọ bí ojú ẹni tó sun oorun àsùnwọra. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń lo Àǹtí Pẹ̀lẹ́, iṣẹ́ ti yé e. Ìyá Eléèédú ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo fi í kún irùngbọ̀n fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abúlé Adó, ó wo fótò, ó ní, "Àǹtí, ta ló fi ojú mi dáná?"

Ìpele yìí ló gbà mí lọ́wọ́ ìyàwó ilé kan ní Síkìsì Áfẹ́núù. Ó gbé fótò ìdílé wọn wá pẹ̀lú ìbínú, ó ní, "Àǹtí, ẹ yọ ọkùnrin yìí kúrò." Ọkọ rẹ̀ ni. Mo ní kò burú. Mo fi òdòdó dí àyè rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, obìnrin náà padà wá, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́… ṣé ó ṣeé dá padà?" Mo tẹ ojú kékeré. Ọkọ yọ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò pa á rẹ́ tẹ́lẹ̀, mo kàn fi í pamọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ẹní bá yára pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ kò gbọ́n.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Obìnrin kan wà ní Amuwo-Odofin tó ń rán aṣọ ilé ìwé. Màmá Ìbejì là ń pè é. Ìbejì ló bí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ti lọ kó tó mọ̀ ọ́n jókòó, ó ṣẹ́ ku Táíwò. Àwọn àgbà wa kì í fẹnu sọ pé ìbejì kú. Láyé àtijọ́ wọ́n á gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ, kí èkejì má baà dá wà. Màmá Ìbejì ní onígbàgbọ́ lòun, òun ò lè gbẹ́ ère. Ṣùgbọ́n òun wá gbogbo Bíbélì, òun ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí òun má ya fótò.

Nítorí náà, bí ọjọ́ ìbí Táíwò bá ti pé lọ́dọọdún, Màmá á rán aṣọ méjì láti ara ìgàn kan náà, á sì mú ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá á fi páálí dúdú dí ìdajì lẹ́ńsì, á ya Táíwò lápá ọ̀tún. Ọmọ á pààrọ̀ aṣọ, Ọ̀gá á dí ìdajì kejì, á yà á lápá òsì sórí fíìmù kan náà. Táíwò di méjì. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí tó fi gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ nígbà tí aṣọ méjèèjì jọra. Màmá ló ní tirẹ̀ nìyẹn, ti Kẹ́hìndé nìyí.

Nígbà tí Ọ̀gá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi tó kó lọ sí Badagry, èmi ni mo jogún Kẹ́hìndé. Ó ti ń dàgbà lọ báyìí. Lọ́dún kan Màmá wo fótò títí, ó ní, "Bùnmi, ojú Kẹ́hìndé gùn díẹ̀ ju báyìí lọ."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ṣé kí n ní kí ó mú ẹ̀rí wá ni? Mo fa ojú náà gùn díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n. Òun nìyẹn."

Lọ́dún kejì, ó ní Kẹ́hìndé ló fẹ́ràn ìwé jù, kí n fún un ní awò ojú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Èmi náà wá gba iṣẹ́ yìí kanrí. Ọmọ tí ẹ̀ ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀yin náà á fẹ́ kó dùn ún wò. Mo ní kí Kẹ́hìndé má kàn dúró gbagidi mọ́, kó gbé ọwọ́ lé èjìká arákùnrin rẹ̀. Kí ọwọ́ yẹn lè rí ibi sinmi, Màmá fúnra rẹ̀ á jókòó sórí àga, Táíwò á wọ aṣọ Kẹ́hìndé, á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé e léjìká. Lẹ́yìn náà n ó ya Táíwò nínú aṣọ tirẹ̀ lórí àga kan náà, n ó fi ìpele rẹ̀ bo Màmá mọ́lẹ̀, n ó ké sí Ìyá Eléèédú láti fi òjìji sábẹ́ ọwọ́ náà. Ó jọ òótọ́ débi pé èmi alára máa ń kí Kẹ́hìndé bí mo bá ti ṣí kọ̀ǹpútà.

Táíwò nìkan ni inú rẹ̀ kì í dùn.

"Àǹtí Bùnmi, ẹ wo ojú mi, ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ ti yọ irorẹ́ tirẹ̀, ẹ wá fi tèmi sílẹ̀!"

Màmá á ní, "Ẹ̀pà lò ń jẹ jù. Kẹ́hìndé kì í jẹ ẹ̀pà."

"Màmá, kì í jẹ nǹkankan!"

"Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi mọ́."

Gbogbo fótò wọ̀nyí ni Màmá tò sára ògiri pálọ̀, láti ọmọ aláìléyín títí dórí géńdé onírùngbọ̀n. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Mi ò mọ̀ pé ògiri yẹn ti ń dúró de ẹnìkan.

Ẹni náà ni Àǹtí Ṣadé. Táíwò ti rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbùkún, ará Fíìfù Áfẹ́núù, wọ́n sì ti fẹ́ra dé ojú ìgbéyàwó. Àǹtí Ṣadé ni àbúrò ìyá Ìbùkún, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Olùkọ́ ìṣirò ni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń jí ìwé wò nínú ìdánwò, kò sì mọ bí a ti ń wo nǹkan láìwá àléébù. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ bá Ìbùkún wá kí Màmá Ìbejì, kò tíì jókòó tán tó fi rí ògiri.

"Ta nìyí?"

"Kẹ́hìndé ni," Màmá dáhùn.

"Ó dára. Níbo ló wà?"

Màmá dìde, ó ní òun fẹ́ gbé mínírà wá fún wọn. Ó wọ ilé ìdáná, kò sì jáde mọ́.

Ẹ wò ó, Táíwò ti sọ fún Ìbùkún tipẹ́, ní bòókẹ́lẹ́ kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́, pé ọmọ ọwọ́ ni Kẹ́hìndé nígbà tó lọ. Ìbùkún ti bá a kẹ́dùn. Ó tiẹ̀ sunkún. Ó wá gbójú sókè ní pálọ̀ yìí, ó rí ọmọ ọwọ́ náà pẹ̀lú irùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì Táíwò já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ rí bí ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀ ní Mile 2 láìní owó ọkọ̀.

"Àǹtí, ẹ gbà mí o. Kẹ́hìndé yín ti gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kẹ́hìndé tèmi?"

"Ta ló bí i bí kò ṣe ẹ̀yin? Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé, pé fótò lásán ni. Àǹtí Ṣadé ní òun ti wo òjìji ọwọ́ rẹ̀, kò sí bí òkú ṣe lè ní òjìji. Ó ní àwa ìdílé yìí gbé ènìyàn pamọ́. Bóyá ó wà lẹ́wọ̀n, bóyá orí rẹ̀ ò pé. Ìbùkún wá ní òun rántí ọjọ́ kan tí mo gbàgbé ọjọ́ ìbí òun. Ó ní bóyá ọjọ́ yẹn, Kẹ́hìndé ni!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ yìí, mo gbé e mì. Wọ́n ti sọ fún un pé àfi kó mú Kẹ́hìndé wá, tàbí kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí síbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ tẹ ojú kékeré yẹn. Kó pòórá lójú wọn. Wọ́n á gbà."

Ó rọrùn, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kó wọn wá.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n dé. Àǹtí Ṣadé ti mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá dání. Ìbùkún jókòó sí igun, kò wo Táíwò rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan jẹ́nẹ́rétọ̀ tán ni ẹnu ọ̀nà ṣú dùdù: Màmá Ìbejì ló wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó wọ aṣọ tó dára, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó wá kí ọmọ rẹ̀ nílé ìwé.

Mo ṣí fótò ọdún tó kọjá. Táíwò jókòó, Kẹ́hìndé dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú awò, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká.

"Ó dáa," Àǹtí Ṣadé ní. "Ẹ ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa á rẹ́ ká rí i."

Mo gbé ọwọ́ lé máúsì. Mo ti dé orí ojú kékeré náà. Mo ṣèèṣì wo ẹ̀gbẹ́ mi. Màmá Ìbejì ti di etí ìró rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó sì ti di ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, títẹ̀ kan ni. Ọmọ kékeré lè ṣe é. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, Táíwò á fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyá yìí á sì wà níbẹ̀ nígbà tí Kẹ́hìndé bá tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ á pàdánù aya. Mo gbé ìka kúrò lórí máúsì, mo tún gbé e padà.

"Ṣé kò ṣeé ṣe mọ́ ni?" Àǹtí Ṣadé bi mí. "Mo sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Lámídì ti bọ́ sí mi lọ́kàn. A kì í fọwọ́ kan ìyá. Mo gbé máúsì kúrò lórí ìpele ìyá, níbi tí Kẹ́hìndé wà. Ta ló sọ pé òun ló gbọ́dọ̀ lọ?

"Àǹtí Ṣadé, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ gbé gíláàsì yín wá."

Mo bọ́ awò ojú rẹ̀. Awò lọ, Kẹ́hìndé dúró. Mo bọ́ irùngbọ̀n. Mo tú ojú tí mo fà gùn, ó padà kúrú. Mo ní kí Àǹtí Pẹ̀lẹ́ sinmi. Bí mo ti ń bọ́ wọn ni irorẹ́ ń padà wá, ọ̀kan ní iwájú orí, méjì ní àgbọ̀n, ńlá kan ní imú.

Ìbùkún ti dìde láti igun rẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo imú Táíwò.

"Irorẹ́ yẹn," ó ní. "Mo mọ irorẹ́ yẹn!"

"Irorẹ́ lè jọra," Àǹtí Ṣadé wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ yìí wà lórí nǹkan. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ tiẹ̀ hun jọ lábẹ́ ìka rẹ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ó wà lórí nǹkan."

Mo tẹ ojú kékeré. Ti Táíwò ni mo tẹ̀, Táíwò tó jókòó sórí àga. Táíwò pòórá, kò sì sẹ́ni tó sunkún, torí òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn wa tó ń jẹ èékánná. Ìyá fótò wá yọ, èyí tí n kò fọwọ́ kàn rí: Màmá Ìbejì jókòó sórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ọmọ wà léjìká rẹ̀.

Àǹtí Ṣadé rọra gbé gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Màmá ti lajú, ó ń wo kọ̀ǹpútà. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ́ka sí ọmọ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ yẹn.

"Bùnmi, jọ̀ọ́, fún un ní awò rẹ̀ padà. Kò ríran dáadáa."

Mo dá a padà kíá. Mo gbọ́ tí ẹnìkan fọn imú lẹ́yìn mi. Mo rò pé Ìbùkún ni. Àǹtí Ṣadé ni. Ó fi etí gèlè nu ojú, ó ní jẹ́nẹ́rétọ̀ wa ti ń yọ èéfín jù. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Màmá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọ yín ga, ó sì níwà." Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń bá wí, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Fótò ìgbéyàwó yẹn ni iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn. Ojú mi ti ń rẹ̀, fóònù sì ti ń yọ irorẹ́ gbogbo ayé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí n fi èyí fìdí rẹ̀ kalẹ̀. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti wá sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá ti rán aṣọ méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ọkọ ìyàwó sì pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn aṣọ títa. Ó ku kí ẹnìkan jókòó sórí àga kí ọwọ́ Kẹ́hìndé lè rí ibi sinmi. Màmá fẹ́ dìde.

"Ẹ jókòó, Màmá," Àǹtí Ṣadé ní. "Ó ti rẹ̀ yín. Èmi ni yóò jókòó."

Ó jókòó, òun àti gèlè rẹ̀ tó ga bí ilé alájà méjì. Kẹ́hìndé gbé ọwọ́ lé e léjìká. Bí ìdílé ọkọ ti ń dà lọ dà bọ̀ ní ẹ̀yìn wọn, obìnrin tó ní kí n pa ọmọ rẹ́ yìí ló ń pariwo pé, "Ẹ sún, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ ò rí ènìyàn ni?" Gèlè yẹn fìyà jẹ mí o. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn Táíwò.

Kí wọ́n tó lọ, Ìbùkún fà mí sí kọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má jẹ́ kí Kẹ́hìndé rẹwà ju ọkọ mi lọ. Lẹ́ẹ̀kan yìí péré."

Mo ṣe é fún un. Irorẹ́ kan ti yọ sí Táíwò nímú lọ́jọ́ náà, irú èyí tí kì í dá ọkọ ìyàwó sí. Mo yọ ti Táíwò. Ti Kẹ́hìndé, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo gbé fótò náà lọ sí Amuwo fúnra mi. Màmá gbà á, ó nà án síwájú, ó fà á mọ́ra, ó wo ọmọ méjèèjì láti òkè dé ilẹ̀. Kò sọ pé mo mọṣẹ́. Ọ̀gá Lámídì ì bá yọ̀. Ó kàn bojú jẹ́ díẹ̀, ó sì nawọ́ sí imú Kẹ́hìndé.

"Ta ló fún ọmọ yìí ní ẹ̀pà jẹ?"